Ìka Tó Tẹ̀ Ẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ní Montevideo, létí odò tó fẹ̀ bí òkun,
aago mẹ́sàn-án lù, a dìde yí ara wa ká, ẹnikẹ́ni kò jókòó.
Kí lo ṣe lánàá? Kí lo fẹ́ ṣe lónìí? Kí ló dí ọ lọ́nà?
Màtè ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́,
omi ewé kíkorò tí à ń fi irin tín-ín-rín fà mu.
Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la fi ń ka ọjọ́ orí wa níbí:
iṣẹ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé
kò gbọdọ̀ rí ọjọ́ Ajé kẹta lọ́wọ́ wa.

Nélida Etcheverry ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú wa.
Nígbà náà, ó ní, ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń pe òun,
bí ẹni tí wọ́n pè wá fọ abọ́ lẹ́yìn àsè:
"Ó ti parí. Wá wò ó bóyá ó bàjẹ́."
Òun, ìwé ńlá, àti bírò pupa.

Ayé yí. Àyẹ̀wò kúrò lẹ́yìn, ó wá jókòó síwájú.
Kí n tó kọ ìlà kan, mo ti kọ ìdánwò tí yóò dá ìlà náà lẹ́jọ́.
Kí omi màtè tó hó,
ẹ̀rọ ti dán ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nǹkan wò, kò làágùn.
Láti oṣù Kẹta ni èyí tó ń ronú fúnra rẹ̀ tún dé:
ó ka kóòdù mi, ó kọ ìdánwò rẹ̀, ó sì yìn mí.
Ìyìn yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ fu mí lára.

Washington, ọ̀gá wa, rẹ́rìn-ín:
"Nélida, kí ló wá kù fún ọ láti ṣe?"
Ó bu omi gbígbóná sórí ewé. Kò fèsì.

Áàpù àwọn olùsin màlúù ni.
Tẹ bọ́tìnnì, kí ọkọ̀ wá gbé wàrà kó tó kan.
Ojú ẹ̀rọ tutù, àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀.
A bù ú fún ìdílé márùn-ún péré,
bí ẹni fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò kí gbogbo ilé tó jẹ ẹ́.

Kò sẹ́ni tó rán Nélida níṣẹ́. Ó wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sí San José,
sí ọgbà Don Ubaldo, níbi tí yìnyín ti funfun lórí koríko.
Aago mẹ́rin ìdájí. Ọwọ́ bàbá náà lómi, ó ń yọ̀ fún ọ̀rá wàrà.
Ó tẹ bọ́tìnnì.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọ́ bí ìgbín.
Ó wò ó. Ó fẹ́ èémí sí ìka.
Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Fóònù mi dún kí ilẹ̀ tó mọ́.
"Nahuel, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ̀rọ rẹ ń tẹ̀ ẹ́?"
"Ẹ̀ẹ̀kan."
"Mo mọ̀. Òtútù kì í mú un. Kò jẹ báńkì ní gbèsè.
Kò tíì ṣiyèméjì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é."
Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀;
fèrè kejì dá a lóhùn.

Mo jókòó, mo kọ ìdánwò tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà nítorí wàrà rẹ̀.
Ojú ẹ̀rọ pọ́n wá.
Láti ọ̀sẹ̀ méjì, òótọ́ àkọ́kọ́ tó sọ fún mi nìyẹn.
Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ.
Ohun tí mo mọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ bá mi ṣọ́.

Aago mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì, a tún dìde yí ara wa ká.
Bàtà Nélida ṣì ní ẹrẹ̀. Washington ló kọ́kọ́ gbé màtè fún un.
Kí lo ṣe lánàá?
"Mo fún wàrà."
Kí lo fẹ́ ṣe lónìí?
"Màá sùn."
Kí ló dí ọ lọ́nà?
"Ọkọ̀ akẹ́rù méjì, imú kan imú, lójú ọ̀nà tóóró."